Kókó Tí Ọlábọ̀dé Kò Lè Dárúkọ Lójú Àna

Bí irọ́ kan bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi jábọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ọlábọ̀dé ń wa bọ́ọ̀sì láti Challenge n'Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àmì dúdú kan yọ sí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ní ọ́ìlì ọkọ̀ ni. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi abẹ ha á títí ó fi di egbò. Egbò náà kọ̀, kò jiná. Ìyá Adétutù, ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló fà á lọ sí ọsibítù, ló sì bá a jókòó níwájú dókítà.

Dókítà Bọ́láwùmí ní èsì ẹran ara tí wọ́n gé níbi egbò náà láti fi ṣàyẹ̀wò ti dé. Jẹjẹrẹ awọ ara ni, irú èyí tí kò wọ́pọ̀.

"Bàbá, ṣé kókó kankan wà lábẹ́ itan yín?"

Ọlábọ̀dé wo àna rẹ̀ fìrí. Kókó wà níbẹ̀, ó tó ẹyin àparò. Ṣùgbọ́n ta ní í sọ̀rọ̀ abẹ́ itan lójú àna?

"Kò sí, dókítà."

"Ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ó di ọjọ́ mìíràn. Èrò ti kún ọkọ̀."

"Bàbá, egbò yẹn nìkan kọ́ ló ń sọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí. Kókó abẹ́ itan tí mo bi yín gan-an ni. Bí àrùn ò bá tíì dé ibẹ̀, tí a bá ti gé egbò ẹsẹ̀ kúrò, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pẹ́ láyé. Bó bá ti dé ibẹ̀, ọ̀nà á le, ìtọ́jú á sì yàtọ̀."

Ìyá Adétutù dìde.

"Òùngbẹ ń gbẹ mí. Àna mi, ọmọ mi ò ṣe tán láti sin bàbá ọkọ ẹ̀ nítorí ìtìjú o."

Ó fa ilẹ̀kùn dé. Ọlábọ̀dé bá gorí bẹ́ẹ̀dì.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fa nǹkan nínú kókó náà. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ìta ni Ìyá Adétutù jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àrùn ti dé ibẹ̀, bàbá," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n kókó kan ṣoṣo la rí i nínú ẹ̀. Ọ̀kan sàn ju púpọ̀ lọ."

"Adétutù lóyún. Ṣé màá gbé ọmọ náà?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú."

Ọlábọ̀dé jáde síta. "Ó ti dé ibẹ̀," ló sọ fún àna rẹ̀.

"Ibo?"

"Ibi tí a kì í dárúkọ fún àna."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ̀rín yẹn, èmi ni mo fi kún un. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ Ọlábọ̀dé ni, ó sì rọra ń rìn, kó lè bá ẹlẹ́sẹ̀ egbò rìn pọ̀.