Òórùn Ẹsáǹsì Láti Pobè dé Sakété

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo pọn Ìyábọ̀, ọmọ mi, kúrò nílé ní Pobè. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Ikọ́ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà tí ń tọ́jú ọmọdé ní Sakété kì í sì í jókòó kọjá ọ̀sán.

Ẹgbẹ̀ta fránkì ni owó ọkọ̀. Èèyàn méje ni wọ́n kó sínú mọ́tò tí a ṣe fún márùn-ún. Fofo ni a ń pe dírẹ́bà wa, bí àwọn Gùn ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Kí a tó lọ, ó yà sídìí tábìlì kpayo, ìyẹn ẹsáǹsì, epo mọ́tò inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ó ki àrọ bọ ẹnu táńkì, ó ń dà á. Nígbà tí ó kún, ó ní kí àwọn ọkùnrin mi mọ́tò, bí a ti ń mi àpò gaàrí kí ó lè gbà sí i. Wọ́n mì ín títí ẹsáǹsì fi dé ọrùn. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn; ó fu mí lára, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́.

A kò tíì rìn jìnnà tí òórùn ẹsáǹsì fi gba inú mọ́tò. Ìyábọ̀ wúkọ́, ó sì bì sí mi láyà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú tì mí. Ìyá kan tí ó gbé ẹ̀gẹ́ dání ni ó béèrè ohun tí ń rùn. Fofo ní mọ́tò tí kò bá ní òórùn ẹsáǹsì, omi ni ó ń mu. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo gbé ìbínú náà mì.

Ní Takon, mọ́tò kú. Bàbá mẹ́káníìkì kan wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fa àpótí dúdú kan yọ, kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ẹsáǹsì ń kán láti inú rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn láti wò ó.

“Èédú ni ó wà nínú rẹ̀,” ni bàbá náà wí fún mi. “Ooru ẹsáǹsì tí ń jáde nínú táńkì, èédú yìí ni ó ń gbà á dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, yóò fà á lọ sun. Ṣùgbọ́n ẹ rọ táńkì kún jù, ẹ fi ẹsáǹsì gan-an rì í, mọ́tò sì kú. Táńkì náà ń fẹ́ àyè tí yóò fi mí.”

Ó tún fi rọ́bà kan hàn wá tí ó ti là, lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí gan-an. Fofo gbà pé òun mọ̀ ọ́n láti ọdún tó kọjá.

“Já gbogbo rẹ̀ dànù, bàbá. Èrò ń kánjú,” ni ó wí. Àwọn èrò sì gbà fún un.

“Fofo,” ni mo wí, “ẹ wá jókòó síbi tí mo jókòó sí, kí ẹ gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀. Ẹ fa òórùn yìí símú bí òun ti ń fà á.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Fofo wo Ìyábọ̀, ó yí ojú kúrò, ó ní kí bàbá tún un ṣe. Bàbá yọ àpótí gbígbẹ lára mọ́tò àlòkù kan, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó sì fa ẹsáǹsì díẹ̀ kúrò nínú táńkì. Òórùn náà tán.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Sakété, àga dókítà ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní kí n padà wá lọ́la.

Mọ́tò Fofo kan náà ni ó gbé wa padà. Ẹnu tí mo pa mọ́ nídìí tábìlì kpayo ní àárọ̀ ni ó gba dókítà lọ́wọ́ ọmọ mi, ìyẹn ni mo ń rò títí a fi dé Pobè. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀, Fofo rọra béèrè bóyá n ó bá òun lọ ní òwúrọ̀.

Mo ní n ó bá a lọ, ṣùgbọ́n èmi ni n ó di àrọ mú, kí táńkì lè ráyè mí.