Iye Ọmọ Abúlé Ìyàndá

Ọmọ méjì ni Morẹ́nikẹ́ ti sin kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ó ti ń kà wọ́n jù, pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Morẹ́nikẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jiyàn.

Lọ́dún 1996, òun ló ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìlera kékeré kan lẹ́bàá Ẹgbẹ́dá. Abúlé kọ̀ọ̀kan á fi iye ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ èéyi ránṣẹ́, èéyi burúkú tí ń mú ara ọmọ sú. Morẹ́nikẹ́ á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mákírò, ìyẹn ìlànà kúkurú tí Sanmí, akẹgbẹ́ rẹ̀, kọ sínú ẹ̀rọ náà, á wá sọ ohun tó tẹ̀ di iye tó ṣeé ṣírò, á sì fi pín abẹ́rẹ́.

Nọ́ńbà nìkan ló tẹ̀ fún àwọn abúlé yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan Abúlé Ìyàndá, abúlé ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni; ó tẹ “Ọmọ Olúwa 61”, kí ojú burúkú má baà rí wọn.

Apá òsì ni mákírò ti ń kà á. Bó bá bá lẹ́tà pàdé ṣáájú nọ́ńbà, òfo ló ń kà á sí. Kò tilẹ̀ pariwo, aláìláàánú ẹ̀rọ. Ó kàn kọ òdo. Mọ́tò abẹ́rẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà Abúlé Ìyàndá láìdúró. Dírẹ́bà ò jẹ̀bi o, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ̀lé.

Kí oṣù tó parí, Zubaidah tó ń tọ́jú aláìsàn ní Abúlé Ìyàndá dé sí ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, kí la ṣe fún yín? Ẹ fò wá kọjá. Èéyi ti wọlé.”

Sanmí yẹ ẹ̀rọ wò. Kò bínú.

“Àǹtí mi, ẹ̀rọ yìí ò mọ àdúrà. Ẹ jẹ́ n kọ́ ọ kó máa gé ọ̀rọ̀ kúrò, kó mú nọ́ńbà nìkan.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìyẹn gan-an ló dá Morẹ́nikẹ́ lóró, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra lọ sí Abúlé Ìyàndá, Sanmí ní kí wọ́n tún iye náà yẹ̀ wò. Zubaidah ń wo ilẹ̀.

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló kù láàyè.”

Morẹ́nikẹ́ pa “Ọmọ Olúwa 61” rẹ́. Ó tẹ 56, láìfi ọ̀rọ̀ kankan ṣáájú rẹ̀, mákírò sì gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.