Iyọ̀ Orí Wàláà

Bí òórùn tàdáwà, yíǹkì àwọn àfáà, bá ti ta sí mi nímú, ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń rántí.

Tíṣà ní ká kọ àròkọ nípa ọjà. Bàbá mi, àfáà oníkéú, ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí wàláà wọn.

Mo kọ ọ́ pé, "Ọjà Igbó dára púpọ̀."

Wọ́n da omi sí i. "Ọjà wo ni ò dára? Kí lojú ẹ rí níbẹ̀?"

Mo tún un kọ: òjò dé, ìyá oníyọ̀ ṣí ọ̀rá tó fi borí, ó fi bo iyọ̀.

Bàbá mi kà á, wọ́n gbé wàláà kọ́ ara ògiri. Lọ́jọ́ kejì, orí iyanrìn ni wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ kéú ní álífù.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé wàláà kan ṣoṣo tí wọ́n ní nìyẹn, wọn ò sì fẹ́ da omi sí iyọ̀ ìyá náà.