Ohun Tó Bá Ti Kan Tápólì

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òkìríkà lọ́jà Yopougon ní Abidjan, òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi, Àlájà Mulíkátù ará Ìgbòho, kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó tẹ́ tápólì sílẹ̀, ó wo báàgì ọwọ́ mi.

"Gbé e kọ́rùn. Ohun tó bá ti kan tápólì, ọjà ni. Ẹni tó bá rà á ló ni ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé òfin ọ̀hún máa tó mú ẹni tó ṣe é.

Yúgúyúgú ni wọ́n ń pe òkìríkà níbẹ̀. Nínú bélì ló ń dé, wọ́n á ti fi irin dì í pinpin. Bí a bá ti gé irin yẹn, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ ń ṣa èyí tó dáa jù. Ìyókù la ń dà sórí tápólì, ìyẹn sì ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má fojú kéré wọn o! Akẹ́kọ̀ọ́ tí àpò ẹ̀ gbẹ mọ aṣọ wò. Á gbé e sí oòrùn, á fa ojú ibi tí wọ́n ti rán an, á tún gbóòórùn abíyá ẹ̀.

Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àlájà sì wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan. Inú bélì àkọ́kọ́ tó rà láyé ẹ̀ ló ti rí i, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni rà á. Nígbà tí a gé bélì tuntun, tí èrò rọ́ dé, ooru mú un. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ sílẹ̀ láìwo ibi tó bọ́ sí, ó ń pe oníbàárà. Ìgbà tó yá, ó lọ kírun.

Ẹ̀yìn ẹ̀ ni Salimata dé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Anoumabo, àdúgbò kan ní Abidjan.

"Tantie, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá veste. Soutenance mi, c'est demain."

Lọ́jọ́ kejì ló fẹ́ lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé tó fi ń parí yunifásítì, jákẹ́ẹ̀tì tó bójú mu kò sì sí nílé. Ó tú òkìtì títí, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n, kó tó fa jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan yọ. Àfi bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n lára ẹ̀. Ẹ̀rín ojú ẹ̀ ni mò ń wò, mi ò wo aṣọ. Mo tà á fún un.

Àlájà dé, ó tú tápólì títí kan ìdí ẹ̀.

"Sìdíkátù, jákẹ́ẹ̀tì mi dà? Tẹ̀sùbáà mi wà lápò ẹ̀!"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ èyí tí mo tà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Àfi bí Salimata ṣe sáré padà dé, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Tantie, inú poche ni mo ti rí i. Kì í ṣe tèmi, c'est pas pour moi."

Àlájà wò ó láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ yé ọmọ náà, ló bá ń tú bọ́tìnnì, omijé ń bọ̀.

"Ẹ gbà á, Tantie. Mo máa wá ọgbọ́n dá, je vais gérer."

Àlájà gba tẹ̀sùbáà nìkan, ó sì bá a de bọ́tìnnì padà.

"Ta ló ní kó o bọ́ ọ? Èmi ni mo sọ ọ́ sórí tápólì. Lọ wọ̀ ọ́ síwájú àwọn tíṣà ẹ. Ọlọ́run á fọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ, o mọ ọjà tà. Èmi ì bá tà á wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Salimata yege. Olùkọ́ ni báyìí, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń darí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ sí. Nígbà tí àgbà dé sí Àlájà, tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ìgbòho, Salimata gbé jákẹ́ẹ̀tì náà wá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

"Tantie, ọyẹ́ ń mú ní Ìgbòho. Ẹ gba nǹkan yín."

Àlájà gbé e mọ́ àyà. Mò ń wò ó, ọpẹ́ kún inú mi. Gbogbo ohun tí mo jẹ nínú iṣẹ́ yìí, láti ọwọ́ ẹ̀ ni. Mo rò pé inú àpótí ló máa gbé e sí.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti ń tú òkìtì láti àárọ̀, kò tíì rí èyí tó bá a mu. Àlájà wò ó, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra fi jákẹ́ẹ̀tì náà lélẹ̀ sórí tápólì.

"Sìdíkátù," ó ní, "dá oníbàárà ẹ lóhùn."