Ọṣẹ Olóòórùn Dídùn fún Bàbá Kọ̀nkọ̀

Àbúrò ìyá mi ni Bàbá Kọ̀nkọ̀. Èmi ni mo sọ wọ́n ní orúkọ yẹn, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè. Ilé ìwádìí oògùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀nkọ̀ ogójì ló wà níkàáwọ́ wọn. Wọ́n á fún kọ̀nkọ̀ ní ìrẹ̀ jẹ, wọ́n á wá fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí oje funfun yóò fi sun jáde lára rẹ̀. Oje yẹn ni àwọn onímọ̀ ń kán sórí kòkòrò ikọ́ ife nínú àwo, bóyá yóò pa á.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ikọ́ ife ti mú àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin rí. Oògùn jẹ́ fún Bàbá Kọ̀nkọ̀. Kò jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n wọn. Fọ́tò ẹni yẹn nìkan ló kù lára ògiri.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn ní ìgbìyànjú kan péré ló kù. Bí kòkòrò bá tún hù bo àwo, iṣẹ́ kọ̀nkọ̀ parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni oje dá! Bàbá Kọ̀nkọ̀ ra ẹ̀yìn títí, ẹ̀yìn gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.

Wọ́n délé, ojú wọn fà ro. Ìyàwó wọn di ọwọ́ wọn mú, ó gbóòórùn ẹ̀. "Ọwọ́ yìí mà ń ta sánsán! Ta lẹ fẹ́ lọ fẹ́?"

Ẹ̀rín tí mò ń rín dá, mo sì jẹ́wọ́. Èmi ni mo ki ọṣẹ olóòórùn dídùn bọ inú báàgì wọn, kí wọ́n yé rùn bí omi àbàtà.

"Awọ ara ni kọ̀nkọ̀ fi ń mumi," wọ́n ké mọ́ mi. "O ti fún àwọn ọmọ mi ní ọṣẹ mu!"

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn fáàrí ni."

Wọ́n fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́.

Omi lásán ni wọ́n fi ń fọwọ́ láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kẹrin, oje sun. Wọ́n kán an sínú àwo. Kòkòrò ikọ́ ife kì í kánjú hù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Kọ̀nkọ̀ sáré wọlé.

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán," ìyàwó wọn ní. "Kí ló ń lé yín?"

"Ayọ̀ ni! Ibi tí oje kán sí mọ́ tónítóní. Nǹkan kan ò hù níbẹ̀!"

Inú àwo ṣì ni o, kò tíì di oògùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń bá a lọ. Wọ́n wo fọ́tò ẹ̀gbọ́n wọn pẹ́, wọ́n wá na ọwọ́ sí mi nímú.

"Gbóòórùn ẹ̀."

Àbàtà gidi. Mo ní, "Ẹ má wẹ̀ ẹ́ o."