Ọjọ́ Tí Raheem Wá Kú Fúnra Rẹ̀

Kò sí àgbàlagbà kan ní Ọ̀kà tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ tí Raheem dìde láàárín èrò, tó gbọn ẹ̀wù rẹ̀ nù, tó ní, "Fágbàmílà, ó pé ọdún mẹ́ta tí o ti ń fi ẹlòmíràn pa mí. Lónìí, màá wá kú fúnra mi."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésì ni, lọ́dún 1956. Ibà ti dá Jimoh télọ̀ dùbúlẹ̀, òun ló máa ń ṣe ìkà nínú eré. Èrò ti jókòó pitimu. Fágbàmílà, ọkọ mi, tó ni eré, dúró bí ẹni tí àgbò kàn.

"Ìwọ Raheem? Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ tí ìkà ń sọ?"

"Èmi kọ́ lo kọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ni? Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

Sinimá ló fa gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1953, mọ́tò sinimá ìjọba wá sí Ìkàrẹ́, wọ́n na aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde lára aṣọ, ó yìnbọn lu ẹnì kejì. Kí onítọ̀hún tó ṣubú tán, Fágbàmílà ti wà lórí ìdúró. "Ẹ dúró ná! Kí ló ṣe é?"

"Bàbá, ẹ jókòó!"

"Mi ò jókòó. Èèyàn kì í ṣàdédé pa èèyàn. Ẹ dá a padà, ká rí ohun tó ṣe é."

Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ òun kì í padà sẹ́yìn. Fágbàmílà ní kò burú, òun á kọ tòun.

Inú ìwé iléèwé Bísí, ọmọ wa, ló kọ ọ́ sí, pé bí àwọn onímọ́tò bá padà dé kí wọ́n yà á sára aṣọ. Wọn ò padà. A wá ń ṣe é ní gbangba ní gbogbo Kérésì. Kò gùn. Ó ní eré ẹ̀san kò gbọdọ̀ pẹ́ ju kí àgbà jẹ obì kan tán lọ, nítorí ẹni tínú ń bí kì í rojọ́ púpọ̀. Òun nìkan ló ń rojọ́.

Ògúnwọlé ló ń ṣe ẹni tó ń gbẹ̀san. Bó bá ti gbé àdá onígi sókè, Fágbàmílà á dá a dúró.

"Kí ló dé tí o gbé àdá?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e, sà."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Ìwọ alára ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́ nínú?"

Ògúnwọlé ronú títí. "Ebi ni, sà."

"Ó dáa. Fi ebi náà gbé e."

Kò tíì gbé e dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kódà ewúrẹ́ mi fọ́ ìkòkò, mo gbé igi, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Bísí, kí lo ṣe é lánàá?" Mo rántí pé mo lé e nídìí èèpo iṣu. Bí ewúrẹ́ ṣe jàre nìyẹn, tí ìkòkò mi gbé.

Gbogbo ẹ̀dá ló bi ní ìbéèrè yìí, àfi Raheem.

Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni wọ́n, àáró ni wọ́n jọ ń ṣe: ará ilé méjèèjì á ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹnì kejì lọ́la. Lọ́dún 1949, wọ́n kọ ebè Raheem tán, ó kan tiwa. Raheem kò wá, kò sì jẹ́ kí ará ilé rẹ̀ kankan wá. Oòrùn jẹ èbù iṣu tí a ti gé sílẹ̀. Gààrí ọjà la fi kádìí ọdún náà. Láti ìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ìdí rèé tí ìkà inú eré fi ga, tó tẹ̀ sápá kan bíi Raheem, tó sì ń ba àáró jẹ́. Ọdọọdún ni Raheem ń jókòó níwájú, tó ń wo ikú ara rẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀pà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó kúnlẹ̀. Ògúnwọlé gbé àdá sókè. Òfin Fágbàmílà ni pé ìkà gbọ́dọ̀ sọ ìdí kó tó kú.

"Sọ ọ́," ni ọkọ mi ké. "'Mo ṣe é nítorí pé ìkà ni mí.'"

"Mi ò sọ ìyẹn. Ìwọ lo ní èèyàn kì í ṣàdédé ṣe ibi. Bi mí."

Ọkọ mi sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Ọjọ́ àáró tèmi, àwọn àna mi wá bá mi kọ ebè. O dúró láàárín wọn, o ní ebè mi dà bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Bàbá ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Títí dòní, Bàbá Ìgbẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé àna."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n rí ojú Raheem, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"O sọ ọ́."

"Mo ti gbàgbé."

"Èmi ò gbàgbé."

"Bàbá," ni Ògúnwọlé wí, "ṣé kí n pa á ni, àbí kí n má pa á? Apá ń ro mí."

"Sọ àdá kalẹ̀. Eré yìí ò dáa. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ẹni tó jẹ̀bi." Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Raheem, má bínú."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n má tíì dìde. Àwọn àna mi wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, jẹ́ kí wọ́n rí ọ dáadáa."

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n tún fi jọ ṣọ̀rẹ́ kí Fágbàmílà tó kú. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo jókòó ti èbù iṣu, mi ò mọ ẹni tó máa bá mi gbìn ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ẹsẹ̀: Raheem àti gbogbo ará ilé rẹ̀, ọkọ́ léjìká. Wọ́n kọ ebè títí oòrùn fi rọ̀. Ebè tó kéré jù níbẹ̀ mù mí dé ìbàdí.

Raheem fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó kọjú sílé wa, níbi tí a sin ọkọ mi sí.

"Fágbàmílà, wá wo ebè. Kí ló jọ?"

Gbogbo wa kọjú síbẹ̀, bíi pé ó máa fèsì. Raheem rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Ó pẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo wá."