Bí Bàbá Mi Ṣe Ń Gé Ọ̀rọ̀ Òyìnbó

Òórùn kòkó tútù tí wọ́n sá síta, tó máa ń kan díẹ̀ bí ẹmu àná, ló máa ń wọ kíláàsì wa ní Oǹdó. Bàbá mi ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwa Yorùbá kì í fi sílébù kankan ṣe olórí, bẹ́ẹ̀ Òyìnbó máa ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Nítorí náà, tí a bá dé orí àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí Òyìnbó so pọ̀, wọ́n á fi ìka kan tábìlì fún sílébù tó fúyẹ́, wọ́n á sì fi ìkúùkù lu èyí tó wúwo. *Good-looking*: ìka, ìkúùkù, ìka. *Well-behaved*: ìka, ìka, ìkúùkù. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

O mọ ìgbà tí nǹkan le yẹn, tí àwọn dókítà ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. A gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Arakale, l'Ákùúrẹ́, nítorí ọsibítù ńlá, a sì bá ibẹ̀ ní títì, ni wọ́n bá dùbúlẹ̀ sílé mi. Apá ọ̀tún kú, ohùn lọ pátápátá. Èmi rò pé iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe ni yóò kọ́kọ́ padà. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká, mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo ń pe àwọn ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, ẹ pè é tẹ̀ lé mi.”

Itọ́ ló ń dà lẹ́nu wọn.

Màmá mi ní, “Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ lè bèèrè, ọmọ mi. Kí la fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe?” Mo takú.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi dé láti Oǹdó, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mi orí. “Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé, ibi tí a máa sin wọ́n sí ló kù ká wá.”

Inú bí mi débi pé mo pariwo mọ́ bàbá mi létí: “*Well-behaved!*”

Ọwọ́ òsì wọn gbéra lórí ibùsùn. Ìka, ìka, ìkúùkù. Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àbúrò wọn, wọ́n ń wò ó, omijé sì ń dà.

N ò lè yọ̀. Wọ́n ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo ohun tí a ń sọ lójú wọn, títí kan ti sàréè. Oǹdó náà ni a padà gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí láìsọ gbólóhùn kan. Títí di òní, bí àwọn èèyàn bá ń gbàdúrà pé kí aláìsàn kan ṣáà mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀, ẹnu mi kì í gba àmín.